Ìkòkò Kan, Ààrò Mẹ́ta

Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Abuja ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Èèyàn mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, wọ́n ní ọ́fíìsì yàrá mẹ́ta ní Kubwa, ọkọ̀ Hilux kan tó ti rí ayé, àti ilé ìkẹ́rù kan tí wọ́n ń kó ààrò onírin sí. N kò ní dárúkọ wọn, wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́, oúnjẹ ọmọ wọn sì wà níbẹ̀. Láàárín 2020 sí 2021, wọ́n pín ààrò 4,800 káàkiri àwọn abúlé láti ẹ̀yìn Kwali títí wọ ìhà Lapai ní Ìpínlẹ̀ Niger. Ààrò náà kì í jẹ igi bí ààrò olókùúta mẹ́ta ṣe ń jẹ ẹ́. Obìnrin tó bá gbà á á san díẹ̀, ilé iṣẹ́ á wá rí ìyókù owó náà lára kírẹ́dìtì kábọ́ọ̀nù.

Fún ẹni tí kò tíì bá a pàdé, kírẹ́dìtì kan dúró fún tọ́ọ̀nù kan afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tí kò lọ sójú sánmà nítorí iṣẹ́ tí ẹ ṣe. Igi tí wọn kò dá, ẹ ó kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ó ṣírò rẹ̀, ẹni ìta á wá yẹ̀ ẹ́ wò, ilé iṣẹ́ kan ní Yúróòpù á sì rà á láti fi dí èéfín tirẹ̀. Ẹni tó ń ta iṣu, oníbàárà á gbé iṣu náà yẹ̀ wò kó tó sanwó. Èyí tí à ń tà yìí, ìwé nìkan ni oníbàárà ń rí. Bí ìwé bá wọ́, ọjà ti bàjẹ́ nìyẹn.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun ní Òkè Ọya. Láti 2009 ni iṣẹ́ kan tó ń pín ààrò Save80, tí wọ́n ń kó wá láti Jámánì, ti wọ ìwé àjọ UN lábẹ́ CDM, ètò kírẹ́dìtì tí àdéhùn Kyoto ti 1997 lórí ojú ọjọ́ dá sílẹ̀. Ẹgbẹ́ kan ní Kaduna ló bá wọn ṣe é. Àwọn tó dé lẹ́yìn ló pọ̀, oníkálukú pẹ̀lú ìlànà tirẹ̀.

Wọ́n pè mí ní àárín 2022. Iṣẹ́ wíwọn ni mò ń ṣe: mi ò ta ààrò, mi ò ta kírẹ́dìtì, mò ń wò ó bóyá ohun tí wọ́n ní àwọn ṣe ni wọ́n ṣe. Ọ̀gá ibẹ̀, ọmọ Ọ̀fà tí mò ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, gbé fáìlì kan sílẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Àbúrò, gbogbo ẹ̀ pé. Kìkì kí o bá wa fọwọ́ sí i kí ọ̀díítọ̀ tó dé ni."

Fáìlì náà pé lóòótọ́. Ó tiẹ̀ pé jù. Ìwé ìbéèrè mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo bá níbẹ̀, nítorí pé ìlànà àjọ méjì ni wọ́n ti gbìyànjú láti fi forúkọ sílẹ̀, oníbàárà sì tún fi tirẹ̀ kún un. Èkíní béèrè bóyá wọ́n lo ààrò "ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá". Èkejì béèrè bóyá ó jẹ́ "ààrò tí ẹ ń lò jù". Ẹ̀kẹta kàn béèrè pé, ṣé ẹ ń lò ó? Èkíní fún wọn ní ìdá 88 nínú ọgọ́rùn-ún, èkejì 79, ẹ̀kẹta 96. Ẹ̀yin náà ẹ mọ èyí tí wọ́n fi ṣe ìṣirò. Kò sì sí irọ́ níbẹ̀ rárá, ìdí nìyẹn tí n kò fi lè bínú sí ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n bi àwọn obìnrin, wọ́n sì dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Orí fóònù ni wọ́n sì ti bi wọ́n. Ní April 2022, ìjọba ní kí wọ́n dí ìlà fóònù gbogbo ẹni tí kò bá tíì so nọ́ńbà NIN mọ́ ọn, kò ní lè pe èèyàn mọ́. Ọ̀pọ̀ ará abúlé ju síìmù náà nù, wọ́n ra òmíràn tàbí wọ́n dákẹ́. Nọ́ńbà 140 ni wọ́n ṣà fún ìpè ti May, 61 péré ló wọlé. Àwọn ọmọ ọ́fíìsì wá ṣe ohun tó rọrùn, wọ́n ń pe nọ́ńbà mìíràn títí iye fi pé. Ta ni fóònù rẹ̀ ń wọlé? Ẹni tó wà létí títì, tí iná wà nítòsí rẹ̀, tó lè ra èédú tàbí gáàsì nígbà tó bá fẹ́. Ẹni tó wà nínú, tó ń ru igi wálé láti ibi tó jìn, òun gan-an ni iṣẹ́ náà wà fún, òun gan-an ni kò sí nínú ìwé.

Mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé n kò lè fọwọ́ sí i. Ó ní kí n lọ wò ó fúnra mi.

Owó kò tètè jáde. January 2023 la tó lọ, nínú ọyẹ́, tí ètè gbogbo wa bẹ́. Àwa mẹ́rin ni: èmi, awakọ̀, ọmọkùnrin kan tó jáde ní yunifásítì tó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa, àti ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Zaria. Ọmọ Ìlọrin ni, ṣùgbọ́n Tudun Wada ní Zaria ni wọ́n bí i sí. Bó bá ń sọ Hausa, Hausa gan-an á yíjú wá wò ó. Bí kò bá sí i nínú ọkọ̀ náà, ohun tí mò ń kọ yìí kò ní ṣẹlẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń wọn igi rèé. Ẹ ó dé ilé obìnrin kan láàárọ̀, ẹ ó ní kó kó igi tó rò pé òun máa lò fún ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀. Ẹ ó fi òṣùwọ̀n oníkọ́, irú èyí tí àwọn alápatà ń lò, wọn ìdì kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó fi ẹ̀fun aláwọ̀ búlúù sàmì sí wọn, ẹ ó bẹ̀ ẹ́ pé èyí nìkan ni kó dá. Ẹ ó ki ẹ̀rọ kékeré kan tó ní abẹ́rẹ́ méjì bọ inú igi láti mọ bí omi tó wà nínú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, nítorí igi tútù wúwo, ooru rẹ̀ kò sì pọ̀. Ẹ ó kọ iye ẹnu tó jẹun sílẹ̀: àgbà ọkùnrin, àgbà obìnrin, ọmọdé. Ní ọjọ́ kejì, ní wákàtí kan náà, ẹ ó padà wá wọn ohun tó kù. Bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ó ṣe é ní ilé tó ní ààrò wa, ẹ ó ṣe é ní ilé tí kò ní. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni igi tí a fi pamọ́. Iṣẹ́ tó ń rẹni ni, ẹ̀yìn á máa dùn yín, ọmọdé á sì máa jó yí òṣùwọ̀n ká.

Ọjọ́ kejì, agbo ilé kan tó tóbi. Baálé ní ìyàwó mẹ́ta, ààrò wa mẹ́ta sì wà níbẹ̀, nọ́ńbà mẹ́ta nínú rẹ́jísítà, ìlà mẹ́ta, orúkọ obìnrin mẹ́ta. Ààrò ìyáálé ń jó, ó ń ro tuwo. Mo yà sí ọ̀dọ̀ ìyàwó kejì. Ààrò rẹ̀ tutù. Mo fọwọ́ kan irin náà, tútù lóòótọ́, eérú kankan kò sí nínú rẹ̀. Mo rò pé obìnrin náà ò lò ó ni, mo ti mú bíró láti kọ "kò lò ó". Ìyá Zaria bi í léèrè. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Yau ba girkina ba ne."

Ìyá Zaria kọjú sí mi. "Ó ní òní kọ́ ni ọjọ́ ìdáná òun."

Girki. Nínú ilé olórogún, wọ́n ń pín oúnjẹ sísè ṣe ni. Ìkíní á dáná ọjọ́ méjì, èkejì ọjọ́ méjì, ẹ̀kẹta ọjọ́ méjì, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí girki bá kàn ló ń se fún gbogbo ilé. Kì í ṣe pé Yorùbá kò mọ irú rẹ̀. Màmá màmá mi jẹ orogún, mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kí oúnjẹ kan èèyàn. Ṣùgbọ́n mo ti lo ọdún púpọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí kí n tó fi ojú ẹni tó ń wọn igi wò ó. Ààrò mẹ́ta ló wà nínú agbo ilé yẹn, ìkòkò kan ni wọ́n ń gbé kaná lóòjọ́. Nínú ìwé wa, ilé mẹ́ta ni wọ́n, ìkòkò mẹ́ta, igi mẹ́ta tí a fi pamọ́.

Bí wọ́n bá bi ìkọ̀ọ̀kan nínú wọn léèrè lórí fóònù, "ṣé ẹ lo ààrò yín ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá?", wọ́n á dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ ni wọ́n sì sọ.

A dúró sí abẹ́ igi máńgòrò fún bíi wákàtí kan lọ́jọ́ náà, a ń ṣe ìṣirò lórí ẹ̀yìn ìwé. Ìwé ìbéèrè tí wọ́n kọ lédè òyìnbó ló ń sọ ti agboolé tó ń jẹun pọ̀. Ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ sí Hausa kọ "gida". Gida dára, ṣùgbọ́n gida lè jẹ́ ilé, ó lè jẹ́ gbogbo agbo ilé, ó lè jẹ́ yàrá ìyàwó kan. Àwọn tó pín ààrò wá rò pé ẹni tó bá gba ààrò ni gida. Ìlànà méjèèjì tí wọ́n tẹ̀ lé ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà, àlàyé náà ò sì burú. Láàárín àlàyé yẹn àti ẹnu ẹni tó di bíró mú ni ó ti sọnù. N kò rí i kí ẹnikẹ́ni kọ ìyẹn sínú ìwé ìlànà rí, pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè jẹ ìdá méjì nínú mẹ́ta iṣẹ́.

Ìyá Zaria ló sọ pé ká fi tukunya rọ́pò rẹ̀. Tukunya ni ìkòkò. "Bi wọ́n pé ìkòkò mélòó ló gorí iná fún ilé yìí lánàá. Kò sí ẹni tí kò mọ ìyẹn, ọmọdé gan-an mọ̀ ọ́n."

Nígbà tí mo padà sí Kubwa, mo gbé e fún Ẹ̀gbọ́n. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ààrò mẹ́ta, ìkòkò kan." Ó wo ìwé náà pẹ́. Ó ní, "Ṣé o mọ̀ pé wọ́n ti san ìdajì owó fún wa ṣáájú?" Mo ní mo mọ̀. Ó ní, "O sì fẹ́ kí n lọ sọ fún òyìnbó pé a kà á lẹ́ẹ̀mẹta." N kò fèsì. Ó dìde, ó lọ sórí báńkóònì, ó pẹ́ kó tó wọlé. Kì í ṣe olè. Ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ṣe, ọ̀díítọ̀ tó wá lọ́dún tó ṣáájú sì ti fọwọ́ sí i.

Ohun kejì tó yí ọ̀rọ̀ padà ṣẹlẹ̀ ní abúlé tó tẹ̀ lé e, ó sì fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Ilé kan lo igi tó ju ìlọ́po mẹ́rin ti ilé yòókù lọ. Ọmọkùnrin wa ní ká yọ ọ́ kúrò, pé àṣìṣe ni. A wọ inú ilé. Obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, wọ́n ń ṣe wankan jego fún un, omi gbígbóná tó ń hó ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, títí ogójì ọjọ́. Ìkòkò ńlá, igi ńlá, lórí òkúta mẹ́ta, nítorí ààrò wa ò lè gbé irú ìkòkò bẹ́ẹ̀.

Ṣé ká yọ ọ́? Ó dà bí ohun tó bójú mu. Mo wá ṣí ìwé wíwọ̀n àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ní 2020, kí wọ́n tó pín ààrò rárá, èyí tí gbogbo ìfiwéra dúró lé lórí. Ilé kan wà níbẹ̀ tó lo igi bíi ti ìyá ọlọ́mọ yìí gẹ́lẹ́. Wọn kò yọ ìyẹn. Ẹ gbọ́ ohun tí mò ń sọ: ilé tó jẹ igi púpọ̀ kí ààrò tó dé, wọ́n jẹ́ kó wà, ó sì mú kí igi àtijọ́ tí à ń fi ṣe ìfiwéra pọ̀ sí i; ilé tó jẹ igi púpọ̀ lẹ́yìn tí ààrò dé, wọ́n fẹ́ pè é ní àṣìṣe. Kò sẹ́ni tó jókòó láti rẹ́ni jẹ. Bí ọkàn èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn nígbà tí owó bá wà lápá kan.

Láti ọjọ́ náà, a kì í kúrò ní Abuja láìjẹ́ pé a ti kọ ọ́ sílẹ̀ ilé tí a ó yọ àti ìdí tí a ó fi yọ ọ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti ìbuwọ́lù. Àríyànjiyàn abẹ́ máńgòrò kò sí mọ́. Ilé ọlọ́mọ tuntun wà nínú ìṣirò níbi méjèèjì, nítorí wọ́n ń bímọ lọ́dọọdún. Bí mo bá ní ká mú ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ìlànà àjùmọ̀lò tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ káàkiri ayé, èyí ni mo máa mú. Pé kí ìlànà jẹ́ ọ̀kan kò tó. Kí a ti kọ ọ́ kó tó di pé a rí èsì, ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà.

Àwọn nǹkan yòókù kò ṣòro, owó àti sùúrù ni wọ́n gbà. Nọ́ńbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ààrò, bébà lásán ni. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà èéfín ti jẹ ẹ́, kò sẹ́ni tó lè kà á mọ́. A ní kí wọ́n fi òòlù tẹ nọ́ńbà sára irin. Ní abúlé kan, a rí ààrò iṣẹ́ mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa nílé kan náà, ilé iṣẹ́ méjèèjì sì ti kọ orúkọ obìnrin yẹn sínú ìwé wọn fún ìgbà kan náà; ọ̀kan nínú ààrò náà ni ó gbé ìkòkò omi mímu lé, ó ní ó dúró dáadáa. Ọ̀rọ̀ dídúró yìí kan tuwo náà. Ẹni tó bá ti ro tuwo fún ogún èèyàn mọ̀ pé gbogbo ara ni wọ́n fi ń rò ó, ààrò tó bá fẹ́ẹ́rẹ́ á máa rìn lábẹ́ ìkòkò. Obìnrin méjì fi òkúta wẹ́wẹ́ há tiwọn. Àwọn mìíràn kàn padà sórí òkúta mẹ́ta ní ọjọ́ tuwo, wọ́n ń fi tiwa se ọbẹ̀. Lábẹ́ òrùlé yàrá ìdánwò, níbi tí wọ́n ti ń fi omi lásán dán ààrò wò, kò sí ẹni tó ń ro tuwo. ISO, àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìlànà fún ọjà àti iṣẹ́, ti gbé ìlànà kan jáde ní 2018 fún ìdánwò irú ààrò bẹ́ẹ̀ ní yàrá ìdánwò, ó sì wúlò fún ẹni tó fẹ́ ra ààrò. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ta tọ́ọ̀nù kan.

Àwọn abúlé mẹ́ta tún wà tí a kò lè dé nítorí ààbò. Ẹni tí kò bá mọ ìhà ibẹ̀ á sọ pé ká fi mẹ́ta mìíràn rọ́pò wọn. Àwọn tó rọrùn láti fi rọ́pò, etí títì ni wọ́n wà, ibi tí èédú ti wọ́pọ̀. A kọ ọ́ sílẹ̀ pé a kò dé ibẹ̀, a sì yọ gbogbo ààrò ibẹ̀ kúrò nínú ohun tí a ń tà lọ́dún náà. Ẹ̀gbọ́n kò fẹ́ràn ìyẹn rárá. Lẹ́yìn tí owó ìrànwọ́ epo lọ ní May 2023, tí jálá epo kọjá 500 náírà ní Abuja, lílọ sí abúlé ẹyọ kan di ohun tí à ń jókòó ṣèpàdé lé lórí.

Ó wá kù ọ̀rọ̀ igbó. Èyí le láti ṣàlàyé fún ará ilé ẹni, ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú. Kì í ṣe gbogbo igi tí èèyàn dá ló ń ba ojú ọjọ́ jẹ́. Ẹ̀ka gbígbẹ tó já bọ́ fúnra rẹ̀, igi tí wọ́n gé tó tún hù, kábọ́ọ̀nù tó jáde lára wọn padà sínú ewé tuntun. Èyí tó ju ohun tí igbó lè hù padà lọ nìkan ló yẹ ká kà. Ìwé àkọ́kọ́ ilé iṣẹ́ yìí lo 0.8, ìyẹn ni pé nínú igi mẹ́wàá tí wọ́n dá, mẹ́jọ kò ní hù padà mọ́. Mo béèrè ibi tí 0.8 ti wá. Wọ́n ní ìwé iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n ti mú un. Ìyẹn náà sì ti mú un níbòmíràn. Àwọn obìnrin Gbagyi tí mo rí lójú ọ̀nà, tí wọ́n ru igi sí èjìká bí wọ́n ṣe máa ń rù ú, ẹ̀ka gbígbẹ ló pọ̀ jù nínú ẹrù wọn. Ìlànà UN fúnra rẹ̀ fi 0.3 sílẹ̀ nígbà náà fún ẹni tí kò bá ní ẹ̀rí tirẹ̀. A kò ní ẹ̀rí tiwa. A mú 0.3.

Ẹ wò ó bó ṣe rí nínú agbo ilé olórogún mẹ́ta yẹn. Ẹ jẹ́ ká ní ààrò náà ń fi kílò mẹ́rin igi pamọ́ lóòjọ́. Lọ́dún kan, kílò 1,460 nìyẹn. Tọ́ọ̀nù igi kan, bó bá jó tán, ń tú bíi tọ́ọ̀nù 1.75 afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù jáde. Èyí jẹ́ 2.55. Ìwé àtijọ́ á fi 0.8 sọ ọ́ di 2.04, á tún fi ààrò mẹ́ta sọ ọ́ di 6.1. Pẹ̀lú ìkòkò kan àti 0.3, ó jẹ́ 0.77. Ìlọ́po mẹ́jọ ni ìyàtọ̀, a ò sì tíì yọ ọjọ́ tuwo.

Mo ti ní ìṣirò yìí lọ́wọ́ fún bí ọdún kan nígbà tí àwọn olùwádìí kan ní Yunifásítì California ní Berkeley gbé tiwọn jáde nínú ìwé ìròyìn Nature Sustainability, ní January 2024. Wọ́n yẹ ìlànà àwọn iṣẹ́ ààrò wò káàkiri ayé, wọ́n sì ní kírẹ́dìtì tí wọ́n ti tà tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́sàn-án ohun tó yẹ. Mo fi ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbọ́n láìkọ ọ̀rọ̀ kankan tẹ̀ lé e. Ó pè mí lálẹ́. Ó ní, "Nítorí náà kì í ṣe àwa nìkan." Mo gbọ́ ìtura nínú ohùn rẹ̀, ó sì bí mi nínú díẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni oníbàárà kọ̀wé. Wọ́n fẹ́ mọ bí a ṣe ń wọn nǹkan. A fi ìwé tuntun ránṣẹ́. Nọ́ńbà àtijọ́ fún ọdún kan jẹ́ nǹkan bí 9,400 kírẹ́dìtì. Nígbà tí a ka ìkòkò, 3,100 ló jáde nínú ààrò 4,800. Ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún nínú wọn ni a fojú rí pé ó ń ṣiṣẹ́. Igi tí wọ́n ń fi pamọ́ jẹ́ kílò 2.9 lóòjọ́, ọjọ́ tuwo àti ọmọ tuntun wà nínú rẹ̀, 0.3 fún igbó. Ó lé díẹ̀ ní 1,200.

N kò ní sọ pé oníbàárà pàtẹ́wọ́ fún wa. Wọ́n dákẹ́ fún oṣù kan. Wọ́n padà wá, wọ́n gbé iye owó kírẹ́dìtì kan sókè, kò sì sún mọ́ ìlọ́po mẹ́jọ. Owó tí wọ́n ti san ṣáájú, ìdunadúrà rẹ̀ gba títí ọdún náà fi parí. Èèyàn méjì kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀kan nínú wọn ni ọmọkùnrin tó mọ kọ̀ǹpútà, tó bá wa jìyà ọyẹ́. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òótọ́ kì í gbowó, kò tíì bá wọn jókòó nínú irú ìpàdé yẹn.

Kí ló dé tí kò fi yẹ ká máa ṣe é bí ti tẹ́lẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ọ̀díítọ̀ ti fọwọ́ sí i? Àwọn tó ń bi mí ní Abuja pọ̀, pàápàá àwọn tó ń bá ìjọba ṣiṣẹ́. Ìdáhùn mi ni àdéhùn Paris lórí ojú ọjọ́. Abala kẹfà rẹ̀, tí wọ́n parí òfin rẹ̀ ní Glasgow ní 2021, tí wọ́n sì tún yanjú ìyókù ní Baku ní 2024, sọ pé bí orílẹ̀-èdè kan bá fọwọ́ sí i kí tọ́ọ̀nù kan kọjá sí orílẹ̀-èdè mìíràn, ó gbọ́dọ̀ dá tọ́ọ̀nù náà padà sínú ìwé ìṣirò tirẹ̀ bí ẹni tí kò dín in rárá. Nàìjíríà ti ṣèlérí pé nígbà tó bá fi máa di 2060, ohun tí a ń tú sójú sánmà kò ní ju ohun tí a ń fà padà lọ. Òfin ojú ọjọ́ ti 2021 sì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní Abuja láti bójú tó o. Bí a bá ta tọ́ọ̀nù mẹ́jọ níbi tí ọ̀kan ṣoṣo wà, owó mẹ́jọ wọ àpò ilé iṣẹ́, ṣùgbọ́n gbèsè mẹ́jọ wọ ìwé orílẹ̀-èdè. Èéfín méje tí kò sí níbì kankan, àwa ni a ó wá ibi tí a ó ti dín in kù. Ọmọ ẹlòmíràn ni yóò san án.

Verra náà, ọ̀kan nínú àwọn àjọ tó ń forúkọ kírẹ́dìtì sílẹ̀, ti yí ìlànà ààrò rẹ̀ padà. Èyí tuntun, VM0050, jáde ní October 2024. Ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, inú mi dùn sí i. Síbẹ̀, mo kà á tán, mo sì mọ̀ pé bí ọmọ kan bá mú un dé abúlé tó kọ gida síbi tó yẹ kó kọ tukunya, ibi tí a wà ní 2022 náà ni a ó padà sí. Iṣẹ́ ìmúṣọ̀kan ìlànà tó ń lọ láàárín àwọn àjọ ńlá, ọ̀rọ̀ bébà sí bébà ni. Ojú ìkòkò kò sí nínú rẹ̀, ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Òkè Ọya gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ gbé e wọ ibẹ̀: ìtumọ̀ sí èdè tí wọ́n ń sọ, kí a sì jẹ́ kí ẹlòmíràn túmọ̀ rẹ̀ padà kí a tó tẹ̀ ẹ́, wíwọn ní ẹ̀ẹ̀rùn àti ní òjò, ọjọ́ girki nínú ìwé, oṣù Ramadan lọ́tọ̀, nítorí oúnjẹ sààrì àti ti ìṣínu kò jọ ti ọjọ́ yòókù.

Ìwé kékeré tí a fi ṣiṣẹ́, ojú ewé mẹ́rìnlá, ni a gbé fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè. Ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń pín ààrò ní ìhà Nasarawa yá a. Wọ́n dá a padà fún mi kí n yẹ àtúnṣe wọn wò. Gbogbo rẹ̀ ló dára, àfi ojú ewé kejì. Níbi tí a kọ tukunya sí, wọ́n ti pa á rẹ́, wọ́n kọ gida.

Mo pe ẹni tó ṣe é. Ó kí mi dáadáa, ọmọ Òǹdó ni. Ó ní, "Ẹ má bínú sà, fọ́ọ̀mù oníbàárà wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ilé nìkan ni àyè wà fún. Kò sí ibi tí a lè kọ ìkòkò sí."

Mo bi í pé àyè wo ló kù nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù náà. Ó lọ wò ó. Ó ní àyè kékeré kan wà fún àlàyé mìíràn, lẹ́tà 200 péré ló ń gbà.

Mo ní kó mú bíró.